Alákàrà Mile 2 àti Ìlú Tí Wọ́n Kọ́ fún Àṣà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1977, ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ṣí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FESTAC. Àwòrò Ṣàngó kan ló tan iná àjọ̀dún náà, wọ́n sì tú ẹyẹlé ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ sójú ọ̀run. Àwọn àlejò wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, iye wọn sì ju 15,000 lọ. Títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé tí àríyá náà parí, ibi tí púpọ̀ nínú wọn ń sùn ni ìlú tuntun tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Àgbádárìgì, nítòsí Mile 2. Ilé tó lé ní 5,000 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Orúkọ àjọ̀dún náà ni wọ́n sì fi sọ ìlú ọ̀hún: Festac Town.

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mile 2 ní ìdájí òní kò ní bá eégún pàdé, kò sì ní gbọ́ ìlù. Òórùn ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀: òórùn epo gbígbóná, ti àlùbọ́sà àti ti ẹ̀wà lílọ̀ tó ń hó nínú agbada. Ẹ̀gbẹ́ alákàrà ni ẹlẹ́kọ wà, oníbúrẹ́dì wà nítòsí ẹlẹ́kọ, ẹni tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn sì gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ sí ọ̀kánkán wọn. Awakọ̀ dáńfó, agbèrò, òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Àpápá, ọmọ ilé ìwé, oníṣòwò tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, gbogbo wọn ló ń jẹun níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe FESTAC ṣì ti ń mí láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ìdí agbada yẹn ni kí ó lọ.

Síbẹ̀, láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, obìnrin tó jókòó ti agbada yìí ni àwọn agbófinró ń lé kiri. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀ yẹ ní sísọ, nítorí pé ìlú kan wà lókè òkun tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gan-an ti di ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè. Èyí tó tún wá yani lẹ́nu ni pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò tó gbé ní Festac ní 1977 ni mínísítà àṣà níbẹ̀ nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀.

Kí ilé kankan tó dúró ní Festac, ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwo kan ni àwọn baba ńlá Àwórì tẹ̀ lé lórí omi nígbà tí wọ́n kúrò ní Ifẹ̀, àti pé ibi tí àwo náà rì sí ni wọ́n tẹ̀dó sí. Láti ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti jáde. Àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn yẹ kí wọ́n rántí pé àwo ló sọ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ lórúkọ. Ọ̀sà ló ń bọ́ wọn. Ẹja, edé àti akàn ni wọ́n ń pa. Àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ tó wá bá wọn gbé létí omi mọ ẹja yíyan dáadáa, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé ẹja gbígbẹ náà lọ sí ọjà Èkó lápá kan, sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ lápá kejì. Ọ̀nà omi yìí ti wà tipẹ́ kí ọ̀nà ọlọ́dà tó wà, oríṣiríṣi oúnjẹ ló sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Títa oúnjẹ sísè lójú pópó kì í sì ṣe ohun tí wàhálà Èkó òde òní bí. Nígbà tí Robert Campbell, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, dé Abẹ́òkúta ní 1859, ó bá àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ sísè ní ọjà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀kọ. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kí ògì tòrò kó sì kan, kí wọ́n tó gbé ìkòkò ńlá kaná tí wọ́n á máa rò ó títí apá yóò fi máa ro wọ́n. Kò bọ́gbọ́n mu kí gbogbo ilé máa ṣe làálàá yìí nítorí oúnjẹ àárọ̀. Ẹnì kan á rò ó fún gbogbo àdúgbò, yóò pọ́n ọn sínú ewé, ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò sì gbé e kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkàrà: ẹ̀wà rírẹ, bíbó èèpo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lílọ̀ rẹ̀ lórí ọlọ, pípò ó títí yóò fi wú, kí ó tó dé inú epo. Nípa báyìí, ẹlẹ́kọ àti alákàrà di ilé ìdáná gbogbo ìlú. Igbe tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn pàápàá di ewì tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń gbà sílẹ̀ láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

Àkàrà kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ lásán nílẹ̀ Yorùbá. Bí àgbàlagbà bá kú, wọ́n máa ń dín in, wọ́n á pín in fún ará àdúgbò kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó lọ dàgbà kó tó lọ. Oúnjẹ Ọya náà ni. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú gba etí òkun Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́, Wídà àti Èkó lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọn kò lè di ẹrù dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àkàrà lọ sínú orí wọn. Ní ìlú Salvador, àwọn olówó ẹrú a máa rán àwọn obìnrin dúdú jáde láti lọ tajà ní ìgboro. Wọ́n á san iye kan fún olówó wọn lójoojúmọ́, èyí tó bá ṣẹ́kù sì jẹ́ tiwọn. Àwọn kan fi èrè oúnjẹ ra ara wọn padà kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì ní 1888. Orúkọ tí àkàrà ń jẹ́ níbẹ̀ títí di òní ni acarajé. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ “àkàrà” nínú rẹ̀, yóò sì gbọ́ “jẹ” tó kẹ́yìn rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọn kò tíì fi òróró rọ́pò rẹ̀ bí àwọn ará Èkó ti ṣe. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi edé àti ọbẹ̀ ilá tàbí ẹ̀pà sí i. Wọ́n tún ní acaçá, ẹ̀kọ wọn nìyẹn, tí ó bá orúkọ àkàsà tí wọ́n ń pè é ní Kútọnu dọ́gba. Wọ́n ní abará, èyí tó jẹ́ ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé tí wọ́n sì sè bí mọ́ín-mọ́ín.

Bùràsíìlì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó rán ènìyàn wá sí FESTAC. Lára àwọn tó wá ni Gilberto Gil, olórin tí wọ́n bí ní Salvador. Festac ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Ó ti sọ fúnra rẹ̀ pé àwọn ilé náà rán òun létí irú ilé tí ìjọba Bùràsíìlì ń kọ́ fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní àdúgbò àwọn tálákà, àti pé láti inú ohun tí òun rí ní Èkó ni àwo orin òun, Refavela, ti jáde ní 1977 kan náà. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbà tí àwọn òpìtàn jókòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn pé okùn kan so Mile 2 mọ́ Bahia. Ẹni tó kọrin nípa rẹ̀ sùn síbẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba fi ìbò pín ilé náà. Àjọ tó ń rí sí ilé gbígbé lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ló ń bójú tó o. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ológun, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́, irú àwọn báyìí ló kó wọlé. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nígbà náà. Owó Udoji sì ti mú kí àpò òṣìṣẹ́ nípọn sí i. Àwọn tó ń gbé ní Festac ń jí lọ sí iṣẹ́ ní Èkó Ìsàlẹ̀, Ìkòyí àti Àpápá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jáde nílé kí àkùkọ tó kọ. Kò sí àyè láti dáná lówùúrọ̀. Mile 2 tó jẹ́ oríta, níbi tí ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá ti pàdé ọ̀nà Àgbádárìgì, di ibi tí wọ́n ti ń jẹun àárọ̀. Ìlú tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ létòlétò, tó ní òpópónà oníye láti orí First Avenue lọ, wá rí i pé ilé ìdáná òun wà lẹ́yìn odi, lábẹ́ agboòrùn.

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbà wọ́n lọ́kàn nínú oúnjẹ tuntun. Ìtàn búrẹ́dì Èkó náà jẹ́ ìtàn ìrìn àjò ènìyàn dúdú. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ebúté Mẹ́ta ní 1921, tí ó sì sọ búrẹ́dì di oúnjẹ àwọn ará ìlú dípò oúnjẹ àwọn Òyìnbó nìkan. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ràn dé ọwọ́ àwọn aláṣe búrẹ́dì Agége, tí orúkọ ìlú wọn fi di orúkọ búrẹ́dì rírọ̀ tí kò ní ṣúgà púpọ̀. Búrẹ́dì Agége rí ọkọ ní Mile 2, ẹ̀wà àgànyìn sì ni.

Àgànyìn ni orúkọ tí àwọn ará Èkó fi ń pe àwọn tó wá láti ìhà Tógò àti Kútọnu. Àwọn obìnrin wọn ló mú ọ̀nà ìsè ẹ̀wà yìí wá. Ẹ̀wà náà á rọ̀ débi pé yóò fọ́ fúnra rẹ̀. Wọn kì í fi epo sè é. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni àṣírí wà: ata gbígbẹ tí wọ́n gún, àlùbọ́sà púpọ̀ àti epo pupa tí wọ́n yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, tí wọ́n wá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dín pẹ́ títí yóò fi dúdú bí omi aró. Ṣíbí kan lórí ẹ̀wà tó. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni wọ́n gbà wọlé. Mile 2 sì ni ẹni tó bá ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó mọ apá Èkó tí òun yóò yà sí.

Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983. Owó epo ti já, ìdìbò ń bọ̀, ìjọba Alhaji Shehu Shagari sì pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ni báàgì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi di ẹrù fi ń jẹ́ “Ghana Must Go” títí di òní. Àwọn ará Tógò, Kútọnu àti Nìjẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó lọ, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì kún ọ̀nà Àgbádárìgì fọ́fọ́ lọ sí ẹnubodè. Ọdún mẹ́fà péré ló ti kọjá lẹ́yìn tí ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan náà gba àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé lálejò. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà padà wá díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọjà kò mọ ẹnubodè, àti pé àwọn ará Èkó tí wọ́n lé wọn lọ kò rí ẹni tó lè se ọbẹ̀ náà bí wọ́n ti ń sè é.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ó kan àwọn oníṣòwò ilé pẹ̀lú. Ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn gbé ètò WAI kalẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 1984, láti fi bá ìwà àìlétò jà. Ohun tó dára wà nínú rẹ̀: àwọn ènìyàn kọ́ láti tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n títa ọjà lẹ́bàá ọ̀nà wọ inú àkọsílẹ̀ ìwà àìlétò náà, wọ́n sì wó ìsọ̀ pákó káàkiri ìlú. Ibẹ̀ ni ìjà tí kò tíì parí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ìjọba tó bá dé ti máa ń ka agbada àkàrà mọ́ ìdọ̀tí.

Ìyàn ló wá tú àṣírí. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀, náírà já bọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1987, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n gógó. Ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ti wà lábẹ́ òfin kan náà tẹ́lẹ̀. Owó oṣù tí òṣìṣẹ́ Festac ń gbà kò tó ra nǹkan mọ́. Àwọn ènìyàn ń fi nọ́ńbà dáhùn bí wọ́n bá bi wọ́n pé báwo ni oúnjẹ: ẹni tó jẹun lọ́sàn-án nìkan jẹ́ òdo-ení-òdo. Ẹ̀wà, gààrí àti ẹ̀kọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi sílẹ̀ fún agbèrò ló gba ìlú là. Ìyàwó akọ̀wé tó ń ra àkàrà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in tà níwájú ilé tí ìjọba kọ́. Ilé pákó wú jáde lára odi, àwọn aláṣẹ sì ń wá wó o láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí olú ìlú kó lọ sí Àbújá ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé e. Àwọn oníṣòwò láti ọjà Alábà àti ọgbà Trade Fair, tí Ìgbò pọ̀ nínú wọn, kó dí ààyè wọn. Bí adùn alẹ́ ìlú náà ṣe yí padà nìyẹn. Orí ewúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní isi ewu àti ẹsẹ̀ màlúù tí wọ́n fi epo pò, ìyẹn nkwobi, bá súyà àwọn Mọ̀lá jókòó sórí tábìlì kan. Ẹja àrọ̀ tí oníbàárà yóò fi ìka yàn láàyè nínú abọ́ omi, tí wọ́n á pa tí wọ́n á sì yan lójú rẹ̀, sọ Festac di ibi tí àwọn ará Sùúrùlérè ń wa mọ́tò wá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní oúnjẹ alẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ẹja yíyan yẹn dáadáa yóò rí ààrò àwọn ará etí ọ̀sà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó lòdì sí kíkiri ọjà àti ọjà tí kò bófin mu ní 2003, ó sì dá ẹ̀ṣọ́ KAI sílẹ̀ láti máa mú un ṣẹ. Ní 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì láti Eric Moore dé Okokomaiko kí ó lè di ọ̀nà mẹ́wàá pẹ̀lú ojú irin láàárín rẹ̀. Ìsọ̀ púpọ̀ lọ sínú rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2016, lẹ́yìn tí ọkọ̀ pa akiri-ọjà kan ní Maryland tí inú bí àwọn ènìyàn débi tí wọ́n ba ọkọ̀ BRT jẹ́, Gómìnà Akinwùnmí Ambode kéde pé òun yóò lo òfin 2003 náà gidigidi: ẹni tó tà àti ẹni tó rà yóò san ₦90,000 tàbí kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà jura. Òótọ́ ni pé títajà láàárín ọkọ̀ tó ń sáré léwu, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi ẹ̀mí ta omi inú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n òfin tó fẹ́ fi owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ ẹni tó ra àkàrà níyà kò tíì ronú ibi tí ẹni náà yóò ti jẹun.

Láàárín àsìkò kan náà ni ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá di ibùsùn. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ agbépo tó ń lọ sí èbúté tò láti Tin Can kọjá Mile 2. Awakọ̀ a máa lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, lórí ìlà. Abẹ́ tírélà ni wọ́n ń sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Títí ìjọba fi gbé ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀tò kalẹ̀ ní oṣù Èrèlé ọdún 2021 láti tú ìlà náà ká, àwọn obìnrin tó ń gbé ìkòkò wá bá wọn nídìí táyà, tí wọ́n ń ta ìrẹsì, ẹ̀bà àti ẹ̀wà, ni kò jẹ́ kí ebi pa àwọn tó ń gbé ẹrù gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ìwé àṣẹ tó fún wọn láyè. Ìwé òfin ń pè wọ́n ní arúfin.

Ní Bahia, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn, kì í sì ṣe pé àánú àwọn aláṣẹ ló fà á. Wọ́n ń lé alákàrà níbẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àkàrà tí wọ́n yọ orúkọ òrìṣà kúrò lára rẹ̀. Àkàrà Jésù ni wọ́n ń pè é. Àwọn alákàrà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́. Ní 2002, ẹgbẹ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà Oòrùn ní Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Bahia, àti ilé òrìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣọ́ ohun àjogúnbá ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ní 2004, àjọ náà gbà pé iṣẹ́ alákàrà jẹ́ àjogúnbá gbogbo orílẹ̀-èdè. Àkàrà nìkan kọ́ ni wọ́n dáàbò bò: iṣẹ́ náà ni, aṣọ funfun rẹ̀, gèlè rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, tábìlì rẹ̀ àti bí ó ṣe jókòó lójú pópó. Mínísítà àṣà Bùràsíìlì ní ọdún yẹn ni Gilberto Gil, àlejò Festac àtijọ́.

Ìwé náà wúlò nígbà tí ìdánwò dé. Nígbà tí Salvador ń múra fún ìdíje bọ́ọ̀lù, òfin FIFA kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe onígbọ̀wọ́ wọn tajà nítòsí pápá ìṣeré. Àwọn alákàrà wọ aṣọ funfun, wọ́n kó ìbuwọ́lù jọ, wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Dilma Rousseff. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2013, nígbà Confederations Cup, àwọn kan nínú wọn jókòó sínú ọgbà pápá Fonte Nova, wọ́n ń dín àkàrà. Senegal náà ṣe irú rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀: Dakar ló gba irú àjọ̀dún yìí lálejò àkọ́kọ́ ní 1966, UNESCO sì kọ ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn, ceebu jën, sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2021. Ìlú tó gbàlejò ṣáájú Èkó àti ìlú tó rán àlejò wá sí Èkó ti kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀.

Ní Èkó, ìròyìn tó kan alákàrà láìpẹ́ yìí jẹ́ ti abọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, nítorí pé ó ń dí gọ́tà. Wọ́n sì mú ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2025 fún ìbẹ̀rẹ̀ òfin tó de ọ̀rá àti ike àlòsọnù mìíràn. Àwọn tó ń tajà kùn pé kò sí ohun tí àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ewé eéran àti ewé gbòdógì ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ ní gbogbo ilẹ̀ yìí kí fóòmù tó dé. Bí wọ́n bá jù ú sí gọ́tà, yóò jẹrà, ewúrẹ́ sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ewé kò pọ̀ lọ́jà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ti wọ́n, nítorí àwọn oko tí ó ti ń wá ti di ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kí alákàrà padà sórí ewé ní láti bá ẹni tó ń gbin ewé sọ̀rọ̀ kó tó rán ẹ̀ṣọ́ sí alákàrà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ibùdókọ̀ márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà náà tó gùn tó kìlómítà 13, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé eré ńlá Ìgánmú tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC. Ó mọ́ tónítóní, kò sì sí ẹni tó lè kiri ọjà nínú rẹ̀, ìyẹn dára. Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ní ìdájí ṣì ní láti jẹun kó tó gun àtẹ̀gùn. Apá kejì ojú irin náà, láti Mile 2 lọ sí Okokomaiko, ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ibùdókọ̀ kan sì wà nínú ètò rẹ̀ fún Festac. Kò tíì pẹ́ jù láti fi òrùlé kan, ẹ̀rọ omi kan àti àyè agbada mẹ́wàá sínú àwòrán ibùdókọ̀ náà.